Ọkọ̀ Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Gun Òkè

Obìnrin kan wà ní Peckham tó ń jẹ́ Mùínàt. Ẹ̀yìn Rye Lane ló ń gbé, nínú fúláàtì kan tó wà lókè pátápátá, tí lífítì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Bí ẹ bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní, "Rélùwéè ni mò ń bá ṣiṣẹ́." Kò parọ́. Inú ọkọ̀ ojú irin ló ń gbá.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí irin parí sí, ní ibùdókọ̀ ńlá tó wà létí odò Thames, awakọ̀ á yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á gbé báàgì kọ́ èjìká, á sì rìn láti orí ọkọ̀ lọ sí ìdí rẹ̀, nítorí pé ìdí ló fẹ́ di orí báyìí. Kí ó tó rìn débẹ̀, Mùínàt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti wọlé tàwọn tàpò ìdọ̀tí, wọn á ṣa bébà, wọn á ṣa ife kọfí, wọn á nu tábìlì, wọn á sì ti bọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Nítorí náà, ohun kan ni Mùínàt máa ń ṣọ́, báàgì awakọ̀. Bí báàgì bá ti kọ́ èjìká, ìrìn àjò parí nìyẹn. Ohun tó sì máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ni pé, "Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù máa ń ṣìnà. Báàgì awakọ̀ kì í ṣìnà."

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí London. Bọ́ọ̀sì ni ọkọ náà ń wà ní Camberwell títí tí ọlọ́jọ́ fi dé. Gbogbo ọdún tí wọ́n sì fi jọ gbé pọ̀, Mùínàt kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, àní ọmọ ọwọ́ tó bá nínú ilé ọkọ, orúkọ tó bá fún un ni yóò máa fi pè é. Kí wọ́n tó bímọ, "Ẹ̀yin" ló ń pe ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, ó di "Bàbá Nasrullah." Lọ́jọ́ tó fẹ́ bí Nasrullah náà gan-an, nọ́ọ̀sì bi í pé kí lorúkọ ọkọ rẹ̀. Mùínàt ń rọbí lọ́wọ́, ó ṣí báàgì, ó yọ káàdì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó nà án sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì rò pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkọ sì kú, tí gbogbo mọ́sáláṣí ń fi orúkọ rẹ̀ ṣàdúrà, àmín ni Mùínàt ń ṣe.

Nasrullah dàgbà ní Peckham, ó kàwé, ó kọ́ èdè Jàpáàn ní yunifásítì. Bí eré bí eré, ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún fún ọdún kan. Ọdún kan yẹn kò parí mọ́. Ó lọ rí ọkọ̀ ojú irin kan lórí òkè, ó ní òun kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ láyé.

Rélùwéè yìí kì í ṣe ti ìjọba. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ló ni ín, àwọn ará abúlé orí òkè ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà, láti ìgbà tí àwọn baba wọn ti dáhò sí àpáta, tí wọ́n tẹ́ irin sórí òkè láti máa fi kó gẹdú wálẹ̀. Gẹdú ti tán, àwọn àlejò ló kù. Bí òtútù bá ti ń bọ̀ tí ewé igi ń pọ́n, àwọn èèyàn á rọ́ wá láti ìlú ńlá, wọn á máa ya fọ́tò odò tó wà nísàlẹ̀ réré àti àwọn afárá tó dá a kọjá, àti omi gbígbóná tó ń rú èéfín jáde láti inú ilẹ̀. Bí àlejò bá lọ tán, àwọn arúgbó orí òkè ni ọkọ̀ náà ń gbé lọ sọ́jà àti ọsibítù. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ láàárọ̀, òun náà lo máa rí tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lójú irin.

"Mo gbálẹ̀ ọkọ̀ kí ìwọ má baà gbálẹ̀ ọkọ̀," Mùínàt sọ fún un lórí fóònù nígbà tí ó gbọ́ pé ó ti gba iṣẹ́ níbẹ̀.

"Mummy, Thursday nìkan ni mo ń gbálẹ̀," Nasrullah fèsì.

Ó fẹ́ ọmọbìnrin kan níbẹ̀, Sayuri ni wọ́n ń pè é. Mọ́sáláṣí Peckham ni wọ́n ti so yìgì wọn, ibẹ̀ náà ni Sayuri ti gba orúkọ Rahmah. Ó lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ Mùínàt, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Kò ṣòro fún un, ọmọ ibi tí wọ́n ti ń tẹrí ba ni òun náà. Mùínàt fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún kò ju pé ọ̀nà jìn lọ.

Rahmah wá lóyún. Mùínàt ti ra tíkẹ́ẹ̀tì pé òun á ti débẹ̀ kí ọmọ tó dé, torí pé ta ni yóò wẹ ọmọ bí kò ṣe ìyá bàbá rẹ̀? Ọmọ kò dúró de tíkẹ́ẹ̀tì. Ó yọjú ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ọkùnrin làǹtì. Mùínàt yára yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, ìjókòó tó sì rí, ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ gan-an ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Kí ó tó lọ, Àlàájì Làtíìfù ránṣẹ́ pè é sí Catford. Àlàájì yìí ni àbúrò ọkọ rẹ̀, òun sì ni olórí ẹbí báyìí. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti di ẹrù fún un, orí àga ló ti ń ṣe àkóso.

"Ìyàwó wa, jókòó," ni Àlàájì wí. "Mo ti rí orúkọ ọmọ."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó fi jẹ́ pẹ́, Àlàájì."

"Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni yóò jẹ́."

Inú Mùínàt dùn, àyà rẹ̀ sì já.

"Ẹ bá mi pe Nasrullah lórí fóònù, kí ẹ sọ fún un fúnra yín," ó wí nígbà tó yá.

"Fóònù kẹ̀? Nílé tiwa, etí ọmọ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọmọ, kí etí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Ẹnu ẹni ilé ló sì ń gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe fún ọkọ rẹ nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi yìí kò dé Lewisham mọ́, kí a má tíì sọ ti Jàpáàn. Ìwọ lò ń lọ, ìwọ ni wàá gbé e lọ."

"Àlàájì, ẹnu mi yìí kò pe orúkọ náà rí."

"Mo mọ̀. Ìyàwó rere ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kò ní í jẹ́ 'Bàbá Nasrullah.' Kí oòrùn ọjọ́ kẹjọ má wọ̀ bá ọmọ wa láìlórúkọ o. Mo ti sọ tèmi."

Bí Mùínàt ṣe gbé e nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, Christiana tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ ọkọ̀ wá bá a di báàgì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Christiana, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Òrí, ọṣẹ dúdú, kànìnkàn, oyin, dàbínù," ó ń kà á bó ṣe ń dì í. "Ìyá Nasrullah, ṣé ọmọ lẹ fẹ́ lọ wẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù?"

"Ìyá Malachi, ẹ di ẹrù, ẹ fi ẹnu sílẹ̀."

"Orúkọ wo lẹ ń gbé lọ? Ọlátòkunbọ̀ ni, àbí kí ló tún kù? Ọmọ tó wà lẹ́yìn òkun mẹ́ta."

"Bí ẹ bá dé etí ọmọ, ẹ ó gbọ́ ọ."

"Ó dáa. Ẹ má lọ fi ọṣẹ dúdú yẹn bó ọmọ ọlọ́mọ ṣá."

Mùínàt wọ bàálù, ó dé. Ó sun ìlú ńlá, ilẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ tó ń sáré bí ìjì, ó sọ̀ ní ìlú kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti Nasrullah ti ń gbéra. Nasrullah ìbá sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdókọ̀ orí òkè lọ́jọ́ náà. Ó ti wí fún un pé, "Mummy, èyí tó ń gbéra lẹ́yìn twelve ni kí ẹ wọ̀, òun ni last one tó ń gòkè. Ẹ má bọ́ọ́lẹ̀ níbikíbi. Mo ti sọ fún driver kó máa wò yín." Ohun tí Nasrullah kò mọ̀ ni pé ibà gbé awakọ̀ náà dè láàárọ̀, ẹlòmíràn ló wa ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún onítọ̀hún.

Ọkọ̀ náà kéré, kọ́ọ̀ṣì méjì péré tí wọ́n so pọ̀ bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí aláboyún tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó wọ ihò abẹ́ àpáta, ó jáde, ó gorí afárá, ó tún wọ ihò mìíràn. Mùínàt wo ìsàlẹ̀, ó rí odò bí òwú aró kan láàárín òkúta, kò wo ìsàlẹ̀ mọ́. Ewé igi pọ́n yanran bí epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Mùínàt ń wo ìdí ìjókòó bóyá ó mọ́. Ó mọ́.

Ọkọ̀ wá wọ ibùdókọ̀ kan, ó dúró. Iwájú rẹ̀ kò ní irin mọ́, òkè ló wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Mùínàt ń wò. Awakọ̀ dìde, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì ń rìn bọ̀ láàárín ìjókòó, ó forí lé ìdí ọkọ̀. Àwọn àlejò dìde, gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀.

Mùínàt ní, "Ó ti parí nìyẹn."

Ó rántí pé Nasrullah ní kí òun má bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Nasrullah kò sí níbẹ̀, báàgì ló wà níbẹ̀, ó sì kọ́ èjìká. Bóyá ọkọ̀ mìíràn ni wọn yóò wọ̀ láti ibí. Ó wọ́ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀ fún awakọ̀, ó dúpẹ́. Awakọ̀ tẹrí ba fún un. Lójú tirẹ̀, àlejò tó fẹ́ ya fọ́tò ni.

Àsìkò ìrun àílà ti tó. Mùínàt rí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn yàrá kékeré kan, ó ṣe àlùwàlá, omi náà tutù dé egungun. Ó wo fóònù kí ó lè mọ ibi tí Mẹ́kà wà, torí pé kò sí níbi tó máa ń wà ní Peckham. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn yàrá náà, níbi tí atẹ́gùn kò dé, ó sì kírun. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ fèrè ọkọ̀. Ó gbọ́ tí táyà irin ń yí, tí ó ń padà lọ síbi tó ti wá. Kò já ìrun rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé yóò padà.

Nígbà tó sálámà tán tó jáde síwájú, kò sí èèyàn kankan. Àwọn àlejò kò sí. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó ń retí ọkọ̀ kejì. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ìró kan lókè orí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Ọkọ̀ tí ó rò pé ó ti padà síbi tó ti wá ló ń wò láàárín igi, lórí etí òkè, ó fi ìdí ṣe orí, ó ń gòkè lọ jẹ́jẹ́.

Òkè náà ga ju ohun tí ọkọ̀ lè gùn tààrà lọ. Ṣe ni wọ́n ń gùn ún bí ẹní ń ran etí aṣọ, wọ́n lọ síwájú, wọ́n fẹ̀yìn rìn, wọ́n tún lọ síwájú. Gbogbo ọmọ kékeré tó wà lórí òkè yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún gbọọrọ wo báàgì awakọ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Arúgbó obìnrin kan wá yọ láti inú ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Maeda ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ti ń ṣọ́ ibùdókọ̀ náà kó tó kú. Ilé iṣẹ́ kò rán an níṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ ó ń gbá ewé kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó wo Mùínàt, ó wo ẹrù, ó wo òkè níbi tí ọkọ̀ gbà. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí Mùínàt pe "Nasrullah," ojú arúgbó náà là. Fóònù ọwọ́ kì í rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì níbẹ̀, nítorí náà ó fa Mùínàt wọ inú yàrá kékeré náà, ó gbé fóònù dúdú kan tó wà lára ògiri, ó yí apá rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì gbé e fún un.

"Mummy? Where are you? Ọkọ̀ ti dé, ẹ ò sí nínú ẹ̀."

"Mo bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ gbé báàgì."

"Báàgì wo?"

"Báàgì rẹ̀. Ó gbé e, ó ń lọ sí ìdí ọkọ̀. Gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀."

Nasrullah mí kanlẹ̀. "Mummy, wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ láti ya fọ́tò ni. Ọkọ̀ máa ń reverse níbẹ̀. Mo sọ fún yín pé ẹ má bọ́ọ́lẹ̀."

"O sọ. O kò sọ pé awakọ̀ máa gbé báàgì."

"Ó dáa, ẹ má worry."

"Ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀?"

"Kò sí òmíràn tó ń gòkè mọ́ lónìí. Ọ̀kan tó kù, ó ń sọ̀kalẹ̀ ni, òun ni Imam máa wọ̀ lọ sílé. Kò sì sí ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀. Mummy, ẹ kàn sọ orúkọ náà fún mi báyìí. Imam wà nílé wa lẹ́yìn station níbí, gbogbo èèyàn ti jókòó. Bí oòrùn bá wọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án ti wọlé nìyẹn."

Mùínàt wo fóònù náà. Ẹnìkan wúkọ́ nínú rẹ̀, kì í sì ṣe Nasrullah.

"Ta nìyẹn?"

"Station ìsàlẹ̀ ni. Wáyà kan náà ni gbogbo wa ń lò. Ẹni tó bá ti gbé fóònù, ó ń gbọ́."

Nítorí náà, bí ó bá la ẹnu báyìí, etí gbogbo àwọn tó wà lójú irin náà, lókè àti nísàlẹ̀, ni yóò gbọ́ orúkọ ọmọ ṣáájú ọmọ. Àlàájì ti wí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Àlàájì nìkan. Orúkọ tí kò pè nígbà tí ẹni tó ni ín wà láàyè tó ń jókòó tì í, kí ó wá jù ú sínú wáyà fún ẹni tó ń wúkọ́?

"Mi ò lè sọ ọ́ níbí," ó wí.

"Mummy, please."

"Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, ṣé ó máa dúró níbí?"

"Dandan ni kó dúró. Ó gbọ́dọ̀ reverse níbẹ̀ náà."

"Ẹ gbé ọmọ wá."

Ẹni tó ń wúkọ́ gan-an gbàgbé ikọ́ rẹ̀. Nasrullah bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Òtútù mú. Ìyá Rahmah ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé oṣù kan kí atẹ́gùn òde tó fẹ́ sí i. Oúnjẹ wà nílẹ̀, àwọn àgbà abúlé wà níjókòó. Bí wọ́n bá sì wọ ọkọ̀ náà, wọn kò lè padà sílé lónìí, wọ́n máa sun ìsàlẹ̀.

Mùínàt mọ gbogbo rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn náà, wọn kì í mú abiyamọ titun jáde sínú òtútù. Bí ẹlòmíràn bá sọ irú ọ̀rọ̀ tí òun sọ yìí, òun ni yóò kọ́kọ́ bá a wí. Ó ní kí òun juwọ́ sílẹ̀. Ó la ẹnu pé kí òun pe orúkọ náà. Ẹnu là, orúkọ kò jáde.

Ohùn mìíràn wọ inú fóònù, ó rọ̀, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mummy, ẹ káàsán."

"Rahmah. Ẹ kú ewu ọmọ, ìyàwó mi. Ṣé ara le?"

"Ara le. Mo ti sùn púpọ̀." Ó wá ọ̀rọ̀ kan, kò rí i. "A ń bọ̀," ó wí.

Mùínàt gbé fóònù kọ́. Maeda gbé tíì àti ẹ̀rọ kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń yáná wá, àwọn méjèèjì jókòó tì í. Mùínàt fi fọ́tò ọmọ hàn án lórí fóònù tirẹ̀. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù jáde nínú épírọ́ọ̀nù, fọ́tò kan náà ló wà níbẹ̀. Nígbà tí tíì tán, Maeda dìde, ó mú ìgbálẹ̀. Mùínàt kò lè jókòó máa wo àgbà tó ń gbálẹ̀. Ó wá ìgbálẹ̀ kejì, wọ́n jọ gbá ewé náà títí dé etí irin.

Òjìji òkè ti bo ìdajì ibùdókọ̀ náà nígbà tí iná ọkọ̀ yọ lókè. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó dúró. Ilẹ̀kùn ṣí. Mùínàt rò pé èèyàn mẹ́ta ni òun máa rí. Gbogbo àsè ló wà nínú ọkọ̀. Rahmah wà lórí ìjókòó, wọ́n fi aṣọ wé e bí ẹ̀kọ. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó gbé fíláàsì omi gbígbóná lé itan, ó sì lejú koko. Imam wà níbẹ̀. Àwọn àgbà abúlé gbé abọ́ oúnjẹ lé orúnkún, àwọn àlejò tó fẹ́ lọ sílé sì há sáàárín wọn, wọn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nasrullah nawọ́, ó fa ìyá rẹ̀ wọlé, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò sí àyè.

Mùínàt kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ìyá Rahmah. "Ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo ṣì í."

Nasrullah túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wò ó díẹ̀, ó ṣí ìdérí fíláàsì, ó da omi gbígbóná sínú ife, ó fi fún un. Ojú rẹ̀ kò tíì tú ká, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Rahmah gbé ọmọ lé Mùínàt lọ́wọ́.

Awakọ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń bọ̀ láàárín ìjókòó, ó sì dé ibi tí wọ́n wà. Kò ráyè kọjá. Ó wo Mùínàt tó kúnlẹ̀, ó wo Imam tó tẹ́ ọwọ́ àdúrà, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dúró. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ti kú. Kò sí ariwo kankan nínú ọkọ̀ náà, bí kò ṣe omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀ réré.

Mùínàt fi ẹnu kan etí ọ̀tún ọmọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nasrullah rò pé àdúrà ló ń ṣe. Kì í ṣe àdúrà, ẹnu ló ń wá. Gbogbo orúkọ tí ó fi ń pe ọkùnrin náà ló ń sáré wá, Ẹ̀yin, Bàbá Nasrullah, Olówó orí mi, ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà yíjú, ó ń wá ọmú létí rẹ̀. Ìgbà náà ló pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún pè é, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ.

Lẹ́yìn náà ló fa Nasrullah mọ́ra, ó sọ ọ́ fún un. Nasrullah kọjú sí fèrèsé kí ó tó yí padà. Ó sọ fún Rahmah, ó sọ fún Imam. Imam gbé ohùn sókè, ó ní, "Hamid," gbogbo ọkọ̀ sì ṣe àmín, àti àwọn tó mọ ohun tí àmín jẹ́ àti àwọn tí kò mọ̀.

Mùínàt yàgò fún awakọ̀. Ọkùnrin náà dé fìlà rẹ̀, ó bi Nasrullah ní ọ̀rọ̀ kan, ó kọjá lọ sí ìdí ọkọ̀ tó ti di orí. Ọkọ̀ gbéra, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Maeda dúró létí irin, ó ń tẹrí ba títí wọn kò fi rí i mọ́. Kò pẹ́, ohùn awakọ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ tó wà lókè orí wọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Kí ló ń wí?" Mùínàt bèèrè.

"Ó ń bẹ àwọn èrò ni," Nasrullah ní. "Ó ní kí wọ́n má bínú pé ọkọ̀ pẹ́. Ó ní wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ni, Hamid lorúkọ ọmọ náà."

Mùínàt gbọ́ orúkọ náà bí ará ibẹ̀ ṣe pè é. Ó gbé ọmọ sí apá kejì.

"Ó gbìyànjú," ó wí. "Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó má máa fà á gùn báyẹn. Hamid ni." Ó tún pè é sókè, kí awakọ̀ lè gbọ́. "Hamid."